Sáílẹ́ńsà Ayétòrò àti Sípánà Ọ̀rẹ̀

Ẹ dúró ná. Ta ló gbé alùpùpù wá síwájú ilé mi? Tọ́pẹ́, ìwọ ni? Tún un tẹ̀ kí n gbọ́ ọ. Má fún un níná púpọ̀, jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ bó ti ń wúkọ́? Ẹ wo èéfín dúdú tó ń tú jáde nídìí rẹ̀. Epo àdàlù ni wọ́n tà fún ọ, ọmọ mi, èédú rẹ̀ sì ti dí sáílẹ́ńsà náà lọ́fun. Bí o bá gbé e báyìí, yóò kú mọ́ ọ lọ́wọ́ kí o tó jáde ní àdúgbò yìí. Pa á. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ara mi ti yá gágá, nítorí ìró tí mo gbọ́ yẹn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí ni arúgbó mọ̀ nípa alùpùpù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi yìí, mo ti gbé alùpùpù láti Igbókòdá dé Ìbàdàn, mo sì gbé e padà, lórí epo tí ẹ kò ní í fi tan àtùpà. Kì í ṣe agbára mi ni mo fi ṣe é. Sáílẹ́ńsà tí a tún ṣe ní Ayétòrò yìí ló gbé mi lọ, sípánà kan ló sì gbé mi bọ̀.

Ẹ wo ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lọ́hùn-ún yẹn, níbi tí òpó pákó méjì ṣẹ́kù sí. Ibẹ̀ ni wọ́kísọ́ọ̀bù wa wà. Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Nígbà náà, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi òkun láti ibẹ̀, yóò rìn títí yóò fi gbàgbé ohun tó ń lọ ṣe. Òwúrọ̀ ìlú yìí dùn létí. Agogo ni yóò kọ́kọ́ dún, tí gbogbo wa yóò dìde. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa gbọ́ òfì àwọn obìnrin, gbàgà-gbàgà, ẹ ó gbọ́ òòlù àwọn tó ń kan ọkọ̀, òórùn búrẹ́dì yóò sì gba gbogbo orí afárá pákó kan. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé iṣẹ́ ta ni èyí. Ẹni tó ń hun aṣọ ń hun ún fún mi, èmi tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ń tún un ṣe fún un. Oúnjẹ ń ti inú ìkòkò kan náà jáde. Ilẹ̀kùn wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́? Mo dàgbà kí n tó mọ bí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo.

Bí a ti ń tọ́jú irinṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ògiri pákó kan wà nínú wọ́kísọ́ọ̀bù, gbogbo irinṣẹ́ ìlú ló ń so kọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì, ti fi ọ̀dà dúdú ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìṣó tó ń so kọ́. Bí òòlù bá kúrò níbẹ̀, àwòrán òòlù ni yóò máa wò ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo nǹkan kì í tọrọ, yóò kàn mú un ni. Bó bá lò ó tán, yóò fi àkísà olóròóró nù ún, yóò sì gbé e kọ́ padà kó tó ṣe ohun mìíràn, ì báà jẹ́ pé iná ń jó. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa, ó sì ti wọ̀ wá lára débi pé ọwọ́ wa ń ṣe é láìjẹ́ pé ọkàn wa mọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú. A ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá kan tí a fi ń pẹja lójú òkun. Lọ́jọ́ kan mo ń fọ nọ́sù rẹ̀, ìyẹn ẹnu irin kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Orí afárá ni mo jókòó sí, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀. Mo gbójú sókè láti dá ẹnì kan tó kí mi lóhùn, nọ́sù yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àlàfo pákó wọ inú omi, tó! Ìró yẹn kéré. A wá a fún ọjọ́ méjì, ẹrẹ̀ nìkan la rí.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì kàn wò mí, ó ní, "Ọghọ́ ló ṣèèṣì, éè ṣe ọkàn." Ìyẹn ni pé ọwọ́ ló ṣèèṣì, kì í ṣe ọkàn. Bí wọ́n bá lù mí, ì bá sàn fún mi. Nítorí pé láti ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin wa padà sí ọkọ̀ àjẹ̀. Ìgbà tí òkun ń bínú sì ni. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń fi àjẹ̀ la ìgbì etí òkun kọjá, ẹ̀gbọ́n mi Orímisàn ló sì ń jókòó síwájú ọkọ̀, níbi tí ìgbì ti kọ́kọ́ ń gbá ènìyàn. Bàbá wa ti bá òkun lọ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Bí ó bá ti lọ láàárọ̀, n kò ní í lè jẹun títí n ó fi rí orí rẹ̀ tó ń bọ̀ lójú omi. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mo dá a padà sínú ọkọ̀ yẹn.

Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti lè rí irú nọ́sù náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́ nítorí ogun. Ohun tó kù ni alùpùpù ìlú, tí a máa ń gbé pamọ́ sí Igbókòdá níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù yẹn ti di yẹ̀yẹ́. Epo tí wọ́n ń tà nígbà náà, ìdajì rẹ̀ kẹrosíìnì, ìdajì rẹ̀ ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ẹni tó gbé e lọ gbẹ̀yìn kò tíì dé Òkìtìpupa tí èédú fi dí sáílẹ́ńsà pa. Ṣe ni ó tì í padà sí Igbókòdá bí ẹni ń ti ewúrẹ́ olóríkunkun.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì ní kí a gbé e wá. Ẹ bá wa wò ó! A gbé alùpùpù sínú ọkọ̀ ojú omi, a fi okùn dè é lọ́tùn-ún lósì, ó jókòó láàárín ọkọ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ. Bí a ti ń kọjá lẹ́bàá àwọn abúlé, àwọn ènìyàn ń jáde, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ní Ayétòrò, gbogbo ọmọdé ló sáré tẹ̀lé wa lórí afárá pákó. Alákọ̀wé wa kan fi ìwé sílẹ̀, òun náà sáré.

A jókòó yí i ká. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a yọ gbogbo ohun tó wà nínú sáílẹ́ńsà dànù, kí èéfín máa gba inú páìpù òfìfo jáde. Bàbá kọ̀. Ó ní àwọn sójà wà lójú ọ̀nà, wọn kò sùn dáadáa, bí alùpùpù bá dé tó ń dún gbà-gbà-gbà, ta ni yóò ṣàlàyé fún ìbọn? Ẹlòmíràn ní kí a yí ìdí rẹ̀ sókè bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn kò ní í kó èédú kúrò. Ìgbà náà ni Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì ní, "Epo yóò dọ̀tí, èédú yóò dí i. Ẹ má bá ìyẹn jà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gùn ún lè tú u, kó hó o, kó dè é padà, kó máa lọ." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. A kò lè rí epo rere, ṣùgbọ́n a lè mú kí epo burúkú ṣeé rìn pẹ̀lú.

A fi ayùn irin gé ìdí sáílẹ́ńsà. A fa páìpù kékeré oníhò inú rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń pa ariwo, ihò rẹ̀ ti dí tán. A lu ihò náà fẹ̀ sí i. A wá ṣe ìdérí irin sí ìdí rẹ̀, kí páìpù náà lè máa wọlé kó sì máa jáde bí idà nínú àkọ̀. Mo fi ọwọ́ dè é, inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́ níná, mo gùn ún sórí afárá. Bó ti dún dáadáa nìyẹn! Mo kọjá níwájú ilé òfì, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Mo dé iwájú ilé búrẹ́dì, mo fi fáàrí fún un níná díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni páìpù inú fò jáde nídìí, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó wọ inú ọpọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, ó rì. Alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí ààrá, àwọn àgbà sá wọlé. Ìyá tó ń po ìyẹ̀fun jáde, ó gbé páìpù náà dání, ó funfun láti orí dé ìdí. Ó ní òun ti ń dúró de èso iṣẹ́ wa, òun kò mọ̀ pé ojú fèrèsé ni yóò gbà wá. A jẹ búrẹ́dì yẹn bẹ́ẹ̀, ó ń rùn bí epo, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Nítorí ìyẹn ni Bàbá fi ní ọwọ́ nìkan kò tó láti dè é. A fi nọ́ọ̀tì ńlá kan sí ìdérí náà, a sì fi sípánà fún un pinpin, tó fi jẹ́ pé eyín kìnnìún kò lè tú u. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù sí ọjọ́ ìdúpẹ́, nígbà tí àwọn àlejò máa ń ti Òde Ugbò àti Ugbónlà wá bá wa jẹun. Ẹja ni wọ́n máa ń bá lọ́dọ̀ wa, ẹja tó pọ̀. Àwọn ọkùnrin wa ti pinnu pé bí òkun ti wù kó bínú tó, àwọn yóò jáde lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo tún nọ́ọ̀tì náà fún nígbà ìkẹyìn. Orímisàn wá kí mi. Ó gbé àjẹ̀ lé èjìká. Ó ní, "Má tìtorí mi sáré. Omi mọ̀ mí." Ojú mi kún fún omijé, mo yí i kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má bàa rí i. A gbé alùpùpù sínú ọkọ̀, a ṣíkọ̀.

Ní Igbókòdá mo gùn ún. Ẹ̀yin ọmọ, ìdùnnú wà láyé! Sáílẹ́ńsà wa ń kọrin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Èmi ọmọ iyanrìn àti omi, mo rí ilẹ̀ pupa, mo rí igbó tó ga ju ilé lọ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo kọjá Òkìtìpupa níbi tí ẹni ìṣáájú kò dé, mo kígbe ayọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n wọ Ọ̀rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, bí tìrẹ yìí gan-an, Tọ́pẹ́. Àyà mi kò já. Ohun tí a ṣe é fún nìyẹn. Mo tì í wọ ìlú, mo dúró kó tutù, mo na ọwọ́ sínú àpò ẹrù mi láti mú sípánà.

Kò sí sípánà. Mo da gbogbo ẹrù sílẹ̀. Mo rí búrọ́ọ̀ṣì onírin tí a fi ń hó èédú, mo rí búrẹ́dì, mo rí aṣọ. Ìgbà náà ni mo rántí. Nígbà tí mo fún nọ́ọ̀tì náà tán láàárọ̀, mo nu sípánà, mo sì gbé e kọ́ ògiri, sórí àwòrán rẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ mi. A ti ṣe sáílẹ́ńsà tí kò sí ohun tó lè tú u bí kò ṣe sípánà, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fi sípánà náà sílẹ̀ sí etí òkun. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Mo gbójú sókè, mo rí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní òdìkejì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àwọn sípánà sì ń so kọ́ ògiri, wọ́n tò láti ńlá dé kékeré. Inú mi dùn. Mo wọlé, mo mú èyí tó bá nọ́ọ̀tì mi mu, mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbọ́, mo fi ojú ìyá mi búra, kò wá sí ọkàn mi pé sípánà yẹn ní olówó. Ohun tó bá wà lára ògiri, ti ẹni tó bá nílò rẹ̀ ni.

Mo ti tú ìdérí, mo ti hó páìpù náà dán, mo ti dè é padà nígbà tí ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn mú. Wọ́n ní olè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ènìyàn ti yí mi ká, ẹnì kan ti gbá mi létí, ẹlòmíràn ń wá igi. Ẹ má gbàgbé pé ìgbà ogun ni, àjèjì ni mí, ohùn mi kò sì jọ tiwọn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí wọ́n bá pa mí síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè. Orímisàn ni mo ń rò, pé yóò máa la ìgbì lọ, yóò máa wo ọ̀nà mi, n kò sì ní í dé.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọ̀gá Làmídì ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, omi àlùwàlá ṣì wà lójú rẹ̀. Ó dá wọn dúró, ó sì bi mí pé, "Ta ló fún ọ ní sípánà mi?"

Mo ní, "Ó wà lára ògiri, bàbá."

Gbogbo wọn hó. Ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n gbé e padà kí òun rí i. Wọ́n dì mí ní ọrùn aṣọ mú wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Àkísà olóròóró kan wà lórí tábìlì. N kò mọ ìgbà tí mo mú un. Mo nu sípánà náà lójú méjèèjì, mo nu ẹnu rẹ̀, mo gbé e kọ́ orí ìṣó rẹ̀ gan-an, láàárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, mo sì yí ẹnu rẹ̀ sí ibi tí àwọn yòókù kọjú sí.

Ọ̀gá Làmídì wò ó títí. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Olè kì í nu ohun tó jí." Ó wá béèrè ìlú mi. Nígbà tí mo dárúkọ Ayétòrò, ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́ nípa àwọn ará etí òkun tí wọn kò ní temi-tìrẹ, òun rò pé àlọ́ ni. Ó jókòó ti alùpùpù mi. Ó ní kí n tú ìdí rẹ̀ kí òun rí i. Mo tú u, mo fi bí páìpù ti ń wọlé tó ń jáde hàn án, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé, ó ń pe àwọn tó fẹ́ lù mí láti wá wò ó. Ẹni tó gbá mi létí ló bá mi di alùpùpù mú! Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Ọ̀gá Làmídì tún sípánà náà mú lára ògiri, ó fi í sínú àpò ẹrù mi. Ó ní bí mo bá délé, kí n gbé e kọ́ ara ògiri wa.

Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tú sáílẹ́ńsà yẹn kí n tó padà sí Igbókòdá. Nọ́sù tí mo rà ní Ìbàdàn wà ní àyà mi, mo fi aṣọ dì í. Bí ọkọ̀ ti sún mọ́ Ayétòrò, mo ń wá orí ẹnì kan ṣoṣo lórí afárá. N kò rí i. Mo fi alùpùpù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sáré. Ilé rẹ̀ ni mo ti bá a, wọ́n fi ọ̀já so apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ìgbì ti dojú ọkọ̀ wọn dé ní àná, ó sì ti gbá a mọ́ etí ọkọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní mo pẹ́. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ńlá dún, gbogbo ìlú pariwo ayọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún fi àjẹ̀ la ìgbì lọ lọ́dún náà. Ẹja ọjọ́ ìdúpẹ́ náà pọ̀ débi pé àwọn ará Ugbónlà gbé ìyókù lọ sílé.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì ya àwòrán tuntun kan sára ògiri. Sípánà Ọ̀rẹ̀ la ń pè é.

Ẹ kò bi mí pé níbo ló wà báyìí. Nígbà tí a pín ohun ìlú, tí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀, mo mú un lọ sílé. Òkun wá gba wọ́kísọ́ọ̀bù, òun pẹ̀lú ògiri rẹ̀. Mo ra àpótí, mo ra àgádágodo, mo tì í pa. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi kan wá béèrè bóyá mo ní sípánà. Mo ní n kò ní. Èmi! Ẹni tí àjèjì fi sípánà fún lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ pa á nítorí rẹ̀. N kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ fún yín kí ìtìjú rẹ̀ lè kúrò lára mi.

Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, mo ti ṣí àpótí náà. Mo kan ìṣó kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi, níta. Mo fi èédú ya àwòrán sábẹ́ rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, ojú mi kò ríran mọ́. Tọ́pẹ́, dìde, lọ tú ìdí alùpùpù rẹ. Má wo ojú mi bẹ́ẹ̀, má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó wà lára ògiri. Bí o bá lò ó tán, nù ún.